Ètò Fótò Mẹ́ta àti Sùtánà Ìyá Bọ́lá

Ẹ jókòó, ẹ má dá mi lóhùn bí mo ṣe dúró yìí. Láti ìgbà tí Ìyá Bọ́lá ti lọ, ara mi kì í gba ìjókòó pẹ́ lójú kan. Túnjí, bá mi sún àga yẹn kúrò níwájú fèrèsé, mo fẹ́ máa rí okùn aṣọ tó wà lẹ́yìnkùlé. Ṣé ẹ ti mu tíì? Ó dáa.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ya fótò ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní ìkórè ti ń bọ̀, ẹ ní àwọn àgbà ìjọ ti gbà láti ra ètò kọ̀ǹpútà kan tí ẹ ó máa fi tún fótò ṣe, ẹ wá ní kí Bàbá Fótò sọ èwo ló dára jù. Lójú yín, ìbéèrè kékeré ni. Ẹ rò pé mo máa dárúkọ ọ̀kan, kí ẹ sì tètè bá bọ́ọ̀sì lọ. N ó dá yín lóhùn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ètò yìí ti wọ ilé yìí rí, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ojú Ìyá Bọ́lá mọ́ ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí n gbà á bó ṣe ń wá sí mi lọ́kàn.

Nígbà tí mo kọ́ṣẹ́ fótò ní Ìjẹ̀bú-Òde, kò sí ohun tó ń jẹ́ kọ̀ǹpútà. Yàrá òkùnkùn la ní, ìyẹn yàrá kékeré kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi, gílóòbù pupa kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Ooru ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. A ó bọ́ ẹ̀wù, a ó ku síńgílẹ́ẹ̀tì, òógùn á máa kán láti imú wa, ọ̀gá á sì máa pariwo pé ẹni tí òógùn rẹ̀ bá kán sínú omi oògùn òun, òun máa lé e lọ sílé ìyá rẹ̀. Tí mo bá di ojú mi báyìí, mo ṣì ń gbọ́ omi ẹ̀rọ tó ń kán sínú báàfù, tó, tó, tó. Mo ṣì ń gbọ́ òórùn oògùn yẹn pàápàá, ó máa ń mú mi lójú bí àlùbọ́sà.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí ẹ̀yin ò lè rí mọ́. A ó ti bébà funfun bọ inú omi oògùn, a ó máa mì ín jẹ́jẹ́. Lákọ̀ọ́kọ́, kò ní sí nǹkan kan lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ohun tó bá dúdú ló máa kọ́kọ́ yọ: irun orí, ẹyinjú, lẹ́yìn náà ojú ẹni náà lápapọ̀. Tó bá jẹ́ ọmọ Aládùúrà tó wọ sùtánà la yà, ojú rẹ̀ ló máa yọ sí wa, aṣọ ò ní yọ rárá. Bébà náà ni aṣọ. Kò sẹ́ni tó ń fi funfun sí i. Bẹ́ẹ̀ la ṣe máa ń rí ojú èèyàn ká tó rí ohun tó wọ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ wá síbẹ̀.

Àbí kí n máa bá a lọ? Ó dáa. Mo dé ìlú òyìnbó yìí, mo rí iṣẹ́ sí ilé ìṣẹ́ búrẹ́dì, èmi àti Ìyá Bọ́lá ìyàwó mi sì rí ilé sí àdúgbò Alibon níbí. Lọ́jọ́ iṣẹ́, èmi àti ìyẹ̀fun. Lópin ọ̀sẹ̀, èmi àti kámẹ́rà. Kò sí ìkómọ, kò sí ìwẹ̀nùmọ́, kò sí ìkórè tí Aládùúrà ṣe ní Barking àti Dagenham tí n kò sí níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù kan wà nítòsí ọjà East Street nígbà náà, ibẹ̀ ni mo máa ń gbé fíìmù lọ. Ẹ̀rọ wọn á máa dún gììrìgììrì bí ọkọ̀ tó fẹ́ kú, á sì máa pọ fótò jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ ni ariwo àwọn tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti aṣọ á máa wọlé látìta. Ṣọ́ọ̀bù yẹn ti lọ. Nígbà tí mo kọjá níbẹ̀ lẹ́nu àìpẹ́ yìí, èékánná ni wọ́n ń ṣe fún àwọn obìnrin níbẹ̀. Mo dúró síwájú fèrèsé wọn títí ọmọbìnrin kan fi jáde wá bi mí bóyá mo fẹ́ ṣe tèmi.

Ẹ̀rọ yẹn bá wa jà gan-an ni. Bó bá ti rí funfun púpọ̀ nínú fótò, ó máa gbà pé iná ti pọ̀ jù, á sì fi òkùnkùn bo gbogbo rẹ̀. Kí lẹ fẹ́ kó rí nínú fótò Aládùúrà bí kò ṣe funfun? Àwọn èèyàn wa á wá dà bí ẹni tí wọ́n yọ láti inú àdìrò. Mo máa ń kó o padà fún ọkùnrin tó ń bójú tó ẹ̀rọ náà, n ó ní kó tún un tẹ̀, a ó sì máa bá ara wa fà á. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Ọ̀gá, bí wọ́n ṣe rí nìyẹn." Mo ní kó jáde wá síta, kó wá wo ojú èmi fúnra mi lójú oòrùn. Ó jáde wá lóòótọ́. Ó wò mí títí, ó padà wọlé, ó tún un tẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti máa ń jáde wá wò mí kó tó fọwọ́ kan fíìmù mi, òjò ì báà máa rọ̀.

Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ ò tíì gbọ́ ti àbẹ́là. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í wọ bàtà pẹ̀lú sùtánà. Ní ìkórè kan, mo ń fẹ̀yìn rìn láti ya ìyá kan tó gbé iṣu lé orí, àbẹ́là kán sí mi lẹ́sẹ̀, mo fò sókè, mo sì tẹ kámẹ́rà pọ̀ mọ́ ọn. Nígbà tí fíìmù jáde, àjà ilé nìkan ló wà nínú ẹ̀, pẹ̀lú orí iṣu níbi igun ìsàlẹ̀. Ìyá náà sanwó rẹ̀ tán, ó sì fi í sínú áńbọ́ọ̀mù. Nígbàkigbà tí mo bá débẹ̀, yóò ṣí i, yóò ní, "Bàbá Fótò, ẹ wo bí iṣu mi ṣe ń gòkè re ọ̀run." Marks Gate ló ń gbé. N ó kó fótò sínú àpò, n ó wọ bọ́ọ̀sì lọ síbẹ̀, n kì í sì í padà láì jẹun. Wọ́n á fọwọ́, wọ́n á nù ún, kí wọ́n tó gba fótò. Gbogbo ilé á pé jọ. Nísinsìnyí ẹ ó ya ẹgbẹ̀rún, ẹ ó sọ ọ́ sórí fóònù, àwọn èèyàn á fi ìka kan gbá a kọjá nígbà tí wọ́n ń dúró de ọkọ̀ ojú irin. Inú ń bí mi sí i, n kò ní purọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣí fèrèsé yìí díẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé ni ọjọ́ ìmúra. Èmi á wà nínú yàrá, n ó máa nu lẹ́ǹsì, n ó máa ki bátìrì bọ kámẹ́rà. Ìyá Bọ́lá á wà nídìí báàfù. Kì í fi ẹ̀rọ fọ sùtánà, tèmi àti tirẹ̀. Ọwọ́ ló fi ń fọ̀ ọ́, á ṣàn án, á wá pọn omi tuntun, á mú ẹyọ búlúù kan tó ti dì sínú àkísà, á máa gbọ̀n ọ́n nínú omi náà títí tí omi á fi rí bó ṣe fẹ́ kó rí. Kì í wọn ọ́n. Ojú ló fi ń mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin ọmọ tí wọ́n bí síbí, ẹ lè má mọ búlúù. Ní ilé, àwọn ìyá wa ń rẹ aṣọ funfun sínú rẹ̀ kó má baà pọ́n, kó lè máa tàn. Agolo búlúù rẹ̀ wà lábẹ́ síǹkì níbẹ̀ yẹn. Ẹnikẹ́ni tó bá ń bọ̀ láti Nàìjíríà, ó ti mọ ohun tí yóò bá a rà. Mo máa ń yọ ọ́ lẹ́nu pé ìka rẹ̀ ti dà bí ìka ọmọ iléèwé tó da yíǹkì sọ́wọ́. Yóò ní, "Ẹ máa ya fótò yín, ẹ jẹ́ kí n máa fọ aṣọ mi. Ṣé aṣọ tó pọ́n lẹ fẹ́ yà ni?"

Adúmáadán ni. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ mi lẹ́rìí. Ó dúdú, ó ń dán, bí ìgbà tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òrí para tán. N kò pe orúkọ rẹ̀ rí nínú ilé yìí tí kò bá jẹ́ Adú. Nígbà tí àìsàn náà mú un, ẹ̀dọ̀ ni wọ́n ní, ibà pọ́njú dé sí i, ojú rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, awọ ara rẹ̀ náà pọ́n. Kò pẹ́ rárá. Láti ìgbà tí a ti rí i títí dé ìgbà tí a sin ín, kò pẹ́ rárá.

Fótò tí a gbé síwájú pósí rẹ̀, ẹ rántí rẹ̀. Ọjọ́ ìkórè tó ṣáájú àìsàn náà ni Túnjí yà á. Ó wà nídìí tábìlì èso, ó ń rẹ́rìn-ín, Ìyá Ìjọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Fótò dáadáa. Àwa ọkùnrin wo aṣọ funfun náà, a ní ó mọ́. Ṣùgbọ́n Bọ́lá wò ó, ó yí ojú rẹ̀ padà. Nígbà tí gbogbo èèyàn lọ tán, ó gbé fótò náà, ó kọ ojú rẹ̀ sí ògiri.

Mo ní, "Kí ló dé?"

Ó ní, "Dádì, ẹ wo ojú Mọ́mì. Ẹ wò ó dáadáa. Ó ti pọ́n."

Mo wò ó. Lóòótọ́, ó pọ́n. Kì í ṣe púpọ̀, ṣùgbọ́n ó pọ́n. Adú ti di ẹlòmíràn.

Bọ́lá ní, "Nọ́ọ̀sì ni mí, Dádì. Ní wọ́ọ̀dù, mo máa ń rí ibà pọ́njú lójú ẹni tí n kò mọ̀ rí. Mo jókòó ti Mọ́mì lọ́jọ́ yẹn. A jọ jẹ ráìsì nínú abọ́ kan náà. Kámẹ́rà rí i, èmi ò rí i. Ká ní mo ti rí i ni."

Mo ní kò mọ̀, ó ní ó yẹ kó mọ̀. Láti ìgbà náà, tó bá wá láti ilé rẹ̀ ní Marks Gate, yóò dáná, yóò yẹ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi wò, kò sì ní wọ pálọ̀ yìí. Fótò náà ń kọ ojú sí ògiri, ó sì ń ti ọmọ mi jáde nílé ìyá rẹ̀. Ohun tó gbé mi dìde nílẹ̀ nìyẹn, tí n kò fi lè jókòó mọ́. Mo ń rìn láti pálọ̀ dé kíṣíìnì, mo ń rìn láti kíṣíìnì dé ẹ̀yìnkùlé. Kí n má tàn yín, ó ń dùn mí ju ikú rẹ̀ lọ nígbà mìíràn, torí ikú ti ṣe tirẹ̀ tán, èyí ṣì ń ṣe lọ.

Rárá, Túnjí, má sorí kọ́. Kì í ṣe láti bá ọ wí ni mo ṣe ń sọ ọ́. Gbọ́ mi ná.

Àdúrà ìrántí ọdún kan ń bọ̀. Wọ́n ní kí n mú fótò wá. Bọ́lá ní, "Ẹ mú èyíkéyìí, Dádì, ẹ ṣáà má mú ìyẹn." Bẹ́ẹ̀, ìyẹn ló kẹ́yìn tó ti rẹ́rìn-ín. Mo bá rò ó pé tó bá jẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde ni, n ó gbé nẹ́gẹ́tíìfù rẹ̀ padà wọ yàrá òkùnkùn. Túnjí sì ti ṣe ohun kan tí mo fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí di òní: nígbà tó fún mi ní fótò, ó fún mi ní èyí tó ti tún ṣe, ó sì fún mi ní èyí tí kámẹ́rà mú gan-an, èyí tí kò sẹ́ni tó tíì fọwọ́ kàn án. Ẹ ń pè é ní rọ́ọ̀. Èmi ń pè é ní fótò tútù. Kò tíì jinná, èèyàn ló máa sè é.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí n ó fi sè é. Mo kó ètò mẹ́ta sórí kọ̀ǹpútà yìí, wọ́n ní kí n kọ́kọ́ dán wọn wò lọ́fẹ̀ẹ́. Mo sọ wọ́n lórúkọ ara mi. Àkọ́kọ́ ni Sanwó-Oṣooṣù, èyí tí Túnjí ń lò. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ó mọ ojú yàtọ̀ sí ògiri, ó lè bá yín dórí fóònù. Ṣùgbọ́n ẹ ò ní í rárá. Ẹ yá a ni, bí ẹni yá ilé. Lóṣù tí ẹ ò bá san, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ iṣẹ́ yín. Èkejì ni Rà-á-Tán. Ẹ san án lẹ́ẹ̀kan, ó di tiyín, àwọ̀ ara èèyàn sì máa ń dára lọ́wọ́ rẹ̀, àmọ́ ó wúwo, kọ̀ǹpútà mi ń mí hẹlẹhẹlẹ tó bá ti gbé e. Ẹ̀kẹta ni Ọ̀fẹ́. Àwọn olóore kan ló kó ara wọn jọ tí wọ́n ṣe é fún gbogbo ayé, Ọlọ́run bù kún wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi bọ́tìnì kún inú rẹ̀ bí ọkọ̀ òfuurufú. Mo wá inú rẹ̀ títí ọrùn fi ń dùn mí, kí n tó mọ bí mo ṣe lè gé fótò lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Mo gbé Ìyá Bọ́lá sínú Sanwó-Oṣooṣù, ó pọ́n. Mo gbé e sínú Rà-á-Tán, pípọ́n rẹ̀ dín díẹ̀. Mo gbé e sínú Ọ̀fẹ́, ó pọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. N ó pa kọ̀ǹpútà, n ó dìde, n ó tún padà wá. Mo ń ti inú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì bí ẹni tó ń wá èèyàn kiri ọsibítù. Ẹ̀rù wá ń bà mí. Mo ní bí gbogbo àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ń sọ ohun kan náà, a jẹ́ pé òótọ́ lọmọ mi sọ.

Ẹ wá wo ohun tí mo ń ṣe o, torí ohun tí gbogbo yín ń ṣe nìyẹn. Ohun kékeré kan wà nínú ètò wọ̀nyí, ó dà bí ike tí wọ́n fi ń kán oògùn sójú. Ẹ ó mú un, ẹ ó fi tẹ ibi tó bá funfun nínú fótò, ètò náà á gbà pé funfun nìyẹn, á sì tún gbogbo àwọ̀ yòókù tò lé e lórí. Ta ni Aládùúrà tí yóò máa wá ibi tó funfun kiri? Sùtánà wà níbẹ̀! Túnjí tẹ sùtánà. Èmi náà, pẹ̀lú gbogbo ìrírí mi, inú ètò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, sùtánà ni mo ń tẹ̀.

Ní Sátidé tó kọjá, mo fọ sùtánà tèmi. Ẹ̀rọ ni mo ń jù ú sí láti ìgbà tí ìyá yín ti lọ, pẹ̀lú ọṣẹ ẹ̀rọ lásán. Mo gbé e jáde lọ sá. Mo wá rántí pé tirẹ̀ wà nínú wọ́dúróòbù láti ọjọ́ ìkórè yẹn, òórùn kànfọ̀ ti bò ó, mo ní kí n gbé òun náà síta kó gba afẹ́fẹ́. Mo so wọ́n kọ́ sórí okùn yẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Mo yí padà kí n wọlé. Mo tún bojú wẹ̀yìn.

Tèmi pọ́n. Mo ní ṣé n kò fọ̀ ọ́ dáadáa ni? Mo sún mọ́ ọn. Ó mọ́. Mo wá wo tirẹ̀. Funfun, ṣùgbọ́n kì í ṣe funfun lásán. Búlúù wà lábẹ́ funfun náà, ó rọra fara pamọ́, bí omi inú báàfù rẹ̀ ṣe máa ń rí lọ́jọ́ Sátidé. Mo wo tèmi, mo wo tirẹ̀. Mo ju ike ìfaṣọmọ́kùn tó wà lọ́wọ́ mi sílẹ̀, mo sáré wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi yìí, mo sáré. Ọwọ́ mi ṣì tutù nígbà tí mo fi kan kọ̀ǹpútà.

Ṣé ẹ ti rí i? Ètò ò mọ Ìyá Bọ́lá. Kò mọ̀ pé ó ń rẹ aṣọ sínú búlúù. A tẹ aṣọ rẹ̀, a ní funfun nìyí. Ètò rí búlúù níbẹ̀, ó ní a jẹ́ pé búlúù ti pọ̀ jù nínú fótò yìí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà á yọ níbi gbogbo. Ó fà á yọ lára aṣọ, aṣọ funfun. Ó fà á yọ lójú rẹ̀, ojú pọ́n. Mo wá wo Ìyá Ìjọ tó dúró tì í nínú fótò, ẹni tí kò lo búlúù rí. Aṣọ tirẹ̀ pọ́n rokoṣo! Ó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí, a ò wò ó, ojú ẹnì kan là ń wò.

Abọ́ ike funfun kan wà lórí tábìlì èso nínú fótò náà, ọsàn ló wà nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ ìyẹn sínú búlúù. Mo gbé ohun tí wọ́n fi ń kán oògùn yẹn, mo tẹ abọ́ náà.

Adú padà wá.

Ó dúdú, ó ń dán, iwájú orí rẹ̀ ń kọ mànà níbi tí iná àbẹ́là ti kàn án. Aṣọ rẹ̀ ní búlúù rẹ̀ lára. Mo dìde, mo jókòó, mo tún dìde. Mo ṣe é nínú Rà-á-Tán, òun náà ni. Mo ṣe é nínú Sanwó-Oṣooṣù, òun náà ni. Mo sunkún, kí ni mo ń fi pamọ́ fún yín.

Mo pe Bọ́lá. Kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán, ó ti dé láti Marks Gate pẹ̀lú ẹ̀rọ tó fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́wọ́.

"Dádì, kí ló ṣẹlẹ̀? Ṣé orí ń fò yín ni?"

"Orí kankan kò fò mí. Wá sí pálọ̀."

"Dádì, ẹ mọ̀ pé n kì í..."

"Bọ́lá, mo ní kó o wá."

Ó wá, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà. N kò kọ́kọ́ fi fótò hàn án. Mo mú un lọ sí fèrèsé yìí, mo ní kó wo okùn aṣọ. Mo ní, "Èwo ni ti ìyá ẹ?" Kò tilẹ̀ ronú, ó nawọ́ sí i. Mo ní, "Báwo lo ṣe mọ̀?" Ó ní, "Búlúù ni, àbí kí ni?" Nígbà náà ni mo wá jókòó tì í, mo tẹ sùtánà níwájú rẹ̀, fótò pọ́n. Mo tẹ abọ́ ọsàn, fótò padà. Mo tún un ṣe. Ó ní kí n gbé e fún òun. Òun fúnra rẹ̀ tẹ̀ ẹ́, aṣọ, abọ́, aṣọ, abọ́, ìyá rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀, títí ọwọ́ rẹ̀ fi dúró lórí abọ́.

Ó ní, "Kò pọ́n."

Mo ní, "N kò mọ ìgbà tí àìsàn wọ̀ ọ́. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, kò sí nǹkan kan lójú rẹ̀ tó o kò rí. Ohun tó o rí gan-an ló wà níbẹ̀."

Ó gbé ìka lé ojú ìyá rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Ó ní, "Mọ́mì dúdú o." Ó tún un sọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ẹkún, mo jẹ́ kó sun ún. Láàárín ọdún kan, n kò rí i kó sunkún nínú pálọ̀ yìí rí.

Nítorí náà, ẹ gbọ́ ìdáhùn yín. Tí ẹ bá ní kí n mú ọ̀kan, Rà-á-Tán ni kí ṣọ́ọ̀ṣì rà, kí iṣẹ́ yín lè jẹ́ tiyín, kí ẹ sì wá kọ̀ǹpútà tó lágbára sí i. Èyíkéyìí tí ẹ bá sì mú, ẹ má pa fótò tútù rẹ́ láé. Ká ní Túnjí pa tiwa rẹ́, ibi tí ọ̀rọ̀ ì bá parí sí nìyẹn. Láyé tiwa, ojú ló ń kọ́kọ́ yọ. Lóde òní, aṣọ lẹ kọ́kọ́ ń bi léèrè. Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó wọ̀ ọ́.

Ẹ ń wo ẹ̀yìnkùlé, mo rí yín. Ẹ fẹ́ bi mí kí ló dé tí sùtánà kan fi rí bẹ́ẹ̀ lórí okùn. Tèmi ni. Kí Bọ́lá tó lọ lọ́jọ́ yẹn, ó bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ síǹkì, ó gbé agolo ìyá rẹ̀ jáde, ó ní kí n kúrò nídìí báàfù. Kò mọ ìwọ̀n rẹ̀. Ó gbọ̀n ọ́n, ó gbọ̀n ọ́n, ó rẹ sùtánà mi sínú omi náà, aṣọ náà jáde bí yúnífọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iléèwé. Ó fẹ́ tún un ṣàn, mo kọ̀.

Òun ni n ó wọ̀ lọ́jọ́ ìkórè. Ẹ yà mí dáadáa. Tí ẹ bá wá jókòó ti kọ̀ǹpútà yín, ẹ tẹ abọ́, ẹ tẹ ògiri, ẹ tẹ ohun tó bá wù yín, ṣùgbọ́n ẹ má tẹ aṣọ mi. Ẹ má yọ búlúù yẹn. Ọmọ mi ló fọ̀ ọ́.